Orí Karùn-ún: Kálípà Ńlá, Páàdì Wo?

Nígbà tí Subaru kó Impreza WRX STI dé ọjà Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2004, ohun kan wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà tí kò ṣeé fojú fò. Láàárín rìímù rẹ̀, kálípà aláwọ̀ wúrà ń tàn yanran, orúkọ Brembo sì hàn gàdàgbà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ bíréèkì ni Brembo, ìtòsí Bergamo ní Ítálì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1961. Písítọ̀nù mẹ́rin ló wà nínú kálípà iwájú STI, méjì wà nínú tẹ̀yìn. Dísìkì iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 326, ó sì nípọn tó 30. WRX lásán, tí í ṣe àbúrò rẹ̀, kò ní ju dísìkì mìlímítà 294 lọ níwájú, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sì ni písítọ̀nù kálípà tirẹ̀ wà.

Ìyàtọ̀ yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ ẹni tó ni WRX lásán máa wá kálípà STI rà, pàápàá èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá. Kálípà iwájú náà bọ́ sójú ihò bóòtù WRX láìsí wàhálà, bí rìímù bá ṣáà ti tó ínṣì 17, tí inú rẹ̀ sì gba kálípà náà. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè dé e, kó tú afẹ́fẹ́ inú páìpù bíréèkì jáde, kó sì dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà fún ẹni tó ni ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìbéèrè tó kù ni páàdì. Nínú gbogbo ẹ̀yà bíréèkì, páàdì nìkan ló ń fara kan dísìkì. Owó rẹ̀ kò tó ti kálípà, òun ló ń tètè tán, òun náà ló sì ń pinnu bóyá kálípà olówó ńlá yóò ṣiṣẹ́ tàbí yóò kàn máa ṣe ẹwà nínú rìímù. Orí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ fi ìmọ̀ yan páàdì náà, tí kò fẹ́ fi àwọ̀ páálí tàbí ẹnu dídùn ẹni tó ń tà á yan án.

Ooru ni iṣẹ́ bíréèkì

Ọkọ̀ tó ń sáré gbé agbára sára, agbára náà kò sì lè ṣàdédé pòórá. Ṣe ni bíréèkì ń sọ ọ́ di ooru. Ọkọ̀ tó wọ̀n kílò 1,500, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n STI gan-an, tó sì ń sá kìlómítà 100 ní wákátì kan, ní agbára tó tó 579,000 joule lára. Agbára yẹn tó láti mú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà méjì kúrò ní tútù dé ojú híhó. Bí eré náà bá sì di 200, agbára kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà.

Ìṣirò kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni. Lórí pápá ìdíje, awakọ̀ ń bọ̀ ní kìlómítà 200, igun wà níwájú rẹ̀, ó tẹ bíréèkì títí eré fi wálẹ̀ sí 80. Agbára tó di ooru láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì joule. Imú ọkọ̀ a máa tẹ̀ síwájú nígbà tí bíréèkì bá mú, nítorí náà iwájú ló ń gba nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá iṣẹ́ náà. Bí a bá pín in fún dísìkì iwájú méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n kílò 9, ooru dísìkì yóò fò sókè ní nǹkan bí 160 dígírì Celsius lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ dísìkì kílò 6, ó lé ní 240 dígírì. Igun mìíràn sì ti wà níwájú kí irin náà tó ráyè tutù.

Ohun tí dísìkì ńlá àti kálípà ńlá ń fúnni nìyẹn: àyè láti gba ooru. Irin tó pọ̀ ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ tó fẹ̀ sì ń fún afẹ́fẹ́ láyè láti tù ú. Kálípà tó ní písítọ̀nù ní ojú méjèèjì kì í ṣí kiri, ó ń ti páàdì bákan náà láti ọ̀tún àti òsì, ẹsẹ̀ awakọ̀ sì máa ń mọ̀ ọ́n, nítorí pé pẹ́dà a le dáadáa, kì í rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.

Àmọ́ kálípà ńlá kì í dín ọ̀nà tí ọkọ̀ fi ń dúró kù nígbà àkọ́kọ́ tí a bá tẹ bíréèkì pàì. Táyà ló ń di ilẹ̀ mú. Bí bíréèkì tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ bá ti lágbára débi tí ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dúró yíyí, ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, gbogbo ohun tí táyà ní ló ti lò yẹn. Èrè kálípà ńlá máa ń hàn nígbà kẹwàá, nígbà ogún, nígbà tí bíréèkì kékeré bá ti rẹ̀.

Ohun mẹ́rin, ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣeé yàn

Ohun mẹ́rin ló ń pinnu bí bíréèkì ṣe ń mú tó. Èkíní ni agbára tí ọ́ìlì bíréèkì fi ń ti písítọ̀nù. Èkejì ni fífẹ̀ písítọ̀nù náà. Ẹ̀kẹta ni bí páàdì ṣe jìnnà sí àárín dísìkì tó. Ẹ̀kẹrin ni ìwọ̀n ìdìmú páàdì fúnra rẹ̀, ìyẹn iye agbára ìdádúró tí ó ń mú jáde nínú iye agbára tí a fi tì í mọ́ dísìkì. Bí a bá fi kílò 100 ti páàdì, tí ó sì fi kílò 40 fa dísìkì sẹ́yìn, ìwọ̀n ìdìmú rẹ̀ jẹ́ 0.40.

Mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dúró sójú kan lọ́jọ́ tí wọ́n dé kálípà tuntun. Máásítà bíréèkì tó ń ti ọ́ìlì kò yí padà, písítọ̀nù kò lè fẹ̀ sí i, dísìkì kò lè dàgbà. Ìwọ̀n ìdìmú nìkan ló kù lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹni tó kúrò lórí páàdì 0.35 bọ́ sórí 0.42 ti fi ìdá kan nínú márùn-ún kún agbára bíréèkì rẹ̀ láìfi kún agbára ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé páàdì tó fẹ̀ ló ń mú jù. Guillaume Amontons, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣàlàyé láti ọdún 1699 pé fífẹ̀ ojú tí nǹkan méjì fi ń kanra kọ́ ló ń pinnu bí wọ́n ṣe ń di ara wọn mú. Páàdì kì í tẹ̀ lé òfin yìí délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i. Ohun tí fífẹ̀ ń ṣe ni pé páàdì yóò pẹ́ kó tó jẹ tán, ooru rẹ̀ yóò sì tàn kálẹ̀ sí ojú tó pọ̀.

Láti awọ bàtà dé rẹ́sínì

Ìtàn páàdì ti pẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz wa ọkọ̀ tí Carl, ọkọ rẹ̀, ṣe láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní Jámánì. Igi ni wọ́n fi ṣe bíréèkì ọkọ̀ náà, ìsọ̀kalẹ̀ òkè sì ń jẹ ẹ́ tán. Obìnrin náà ní kí oníbàtà kan kan awọ mọ́ ọn. Awọ yẹn wà lára àwọn ohun àkọ́kọ́ tí a lè pè ní páàdì lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Lọ́dún 1897, Herbert Frood ní Derbyshire, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí bí àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣe ń fi bàtà gbígbó sábẹ́ ìdádúró wọn lórí òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ohun tó dára ju bàtà lọ. Ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ló ń jẹ́ Ferodo, orúkọ rẹ̀ sì ṣì wà lára páàdì títí dòní.

Frederick Lanchester gba ẹ̀tọ́ àdáni lórí bíréèkì dísìkì lọ́dún 1902, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ṣùgbọ́n páàdì bàbà rẹ̀ ń han gooro létí. Ó di ọdún 1953, nígbà tí Jaguar C-Type fi bíréèkì dísìkì Dunlop gba ipò kìíní nínú ìdíje wákátì 24 ti Le Mans, kí gbogbo ayé tó gbà pé dísìkì ló kàn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, asbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń ṣe páàdì, nítorí pé iná kì í jó o, kò sì wọ́n. Eruku rẹ̀ ló burú. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ara awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tó lè fara pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jáde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de lílò rẹ̀ lọ́dún 1999, gbogbo Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2005. Ó di oṣù kẹta ọdún 2024 kí àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà tó ṣe òfin láti fòpin sí irú èyí tó ṣẹ́kù lọ́jà níbẹ̀. Kò yẹ kí mẹkáníìkì kankan fi afẹ́fẹ́ kọ̀m̀prẹ́sọ̀ fẹ́ eruku bíréèkì dànù, yálà ó mọ ohun tó wà nínú páàdì náà tàbí kò mọ̀ ọ́n. Kí ó fi omi rẹ eruku náà, kí ó sì fi àkísà nù ún.

Lónìí, ọ̀pọ̀ páàdì ni wọ́n fi rẹ́sínì dè pọ̀, irú èyí tí Leo Baekeland, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ New York, gbé jáde lọ́dún 1907. Ohun tí wọ́n pò mọ́ rẹ́sínì yìí ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Páàdì kan wà tí fọ́nrán tí kì í ṣe irin, rọ́bà àti àwọn ìyẹ̀fun lóríṣiríṣi pọ̀ nínú rẹ̀: kì í pariwo, kì í jẹ dísìkì, ó ń mú láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti jáde nílé, ṣùgbọ́n ó ń tètè rẹ̀ bí ooru bá pọ̀. Òmíràn ní irin wẹ́wẹ́ tó tó ìdá mẹ́ta sí mẹ́fà nínú mẹ́wàá: ó ń fara da ooru ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ń kùn díẹ̀, eruku rẹ̀ sì dúdú. Ẹ̀kẹta ni onísẹ̀rámíìkì, tí fọ́nrán amọ̀ líle wà nínú rẹ̀: rìímù rẹ̀ kì í dọ̀tí, ó sì ń pẹ́, ìtura ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Lẹ́yìn wọn ni páàdì ìdíje wá, tí kò bìkítà fún ariwo tàbí eruku, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá gbóná gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ ń mú.

Bí rẹ́sínì bá gbóná ju agbára rẹ̀ lọ, yóò máa tú gáàsì jáde, gáàsì náà yóò sì há sáàárín páàdì àti dísìkì. Awakọ̀ yóò tẹ bíréèkì, pẹ́dà yóò le koko bí ó ti yẹ, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ àmì yìí yàtọ̀ sí èkejì: bí pẹ́dà bá rọ̀ tó sì wọlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ́ìlì bíréèkì ló hó, kì í ṣe ẹ̀bi páàdì. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lè máa ra páàdì tuntun léraléra, nígbà tó jẹ́ ọ́ìlì ló yẹ kó pààrọ̀.

Bí a ṣe ń ka ẹ̀gbẹ́ páàdì

Bí a bá yí páàdì tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó rí ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà kan tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, ó kéré débi pé ojú lásán lè máà rí i bí kò bá sí iná tó mọ́lẹ̀. Orúkọ ẹni tó ṣe é ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ni orúkọ àdàlù rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n pò pọ̀ ṣe é, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà méjì tó dúró ti ara wọn, bíi FF tàbí GG. Lẹ́tà méjì yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ tí a mọ̀ sí SAE ló ṣètò wọn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ ìwọ̀n ìdìmú nígbà tí ooru bá mọ níwọ̀n, ìkejì ń sọ ọ́ nígbà tí ooru bá ti ga. E dúró fún 0.25 sí 0.35, F, 0.35 sí 0.45, G, 0.45 sí 0.55, H ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páàdì tó bá jẹ́ FE ń jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé bí òun bá gbóná, ọwọ́ òun ń rọ̀.

Lẹ́tà náà ní ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Ẹ̀là páàdì kékeré, ínṣì kan níbùú lóròó, ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò rẹ̀, ooru ìdánwò náà kò sì ju nǹkan bí 340 dígírì lọ. Páàdì méjì lè jọ jẹ́ FF, kí ọ̀kan jẹ́ 0.36, kí èkejì sì jẹ́ 0.44. Nítorí náà, ẹni tó ń lọ sórí pápá ìdíje gbọ́dọ̀ wá ohun tó ju lẹ́tà lọ: àwòrán tí ilé iṣẹ́ yà láti fi hàn bí ìdìmú páàdì ṣe ń lọ sókè tàbí sílẹ̀ bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i. Ferodo, fún àpẹẹrẹ, kéde nǹkan bí 0.42 fún DS2500 rẹ̀, páàdì tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń fi ọkọ̀ kan náà lọ síbi iṣẹ́ àti sórí pápá. Ìlà tó tẹ́jú láti tútù dé gbígbóná sàn ju èyí tó ga fíofío níbì kan tó sì já wálẹ̀ níbòmíràn.

Ní Yúróòpù, àmì òfin R90 ni kí a wò. Òfin náà béèrè pé kí iṣẹ́ páàdì tí a fi rọ́pò ti ilé iṣẹ́ má jìnnà sí tirẹ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà A, B tàbí N tún máa ń wà lẹ́yìn orúkọ àdàlù. Òfin tí ìpínlẹ̀ Washington àti California ṣe lọ́dún 2010 ló bí i, nítorí pé bàbà inú eruku bíréèkì ń ṣàn wọ odò, ó sì ń pa ẹja lára. N túmọ̀ sí pé bàbà inú páàdì náà kò tó ìdá kan nínú igba.

Ewu kan wà tí kálípà tuntun ń mú wá: orúkọ ọkọ̀ kì í tọ́ka sí páàdì mọ́. Kálípà ló ni páàdì. Ẹni tó ní WRX tó ti gbé kálípà STI wọ̀, tó wá sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé WRX ni òun ní, páàdì tí kò lè wọlé ni yóò gbé délé. Bákan náà, irú páàdì tó wọ kálípà iwájú STI ni ó wọ ti Mitsubishi Lancer Evolution, nítorí pé Brembo ló ṣe méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ra tokunbọ̀ láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú, torí pé ẹni tó lo ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ lè ti pààrọ̀ kálípà láìkọ ọ́ síbì kankan. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tú páàdì àtijọ́, kí ó mú un dání lọ sí Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Èkó, kí wọ́n sì gbé tuntun lé e lórí lójú ara rẹ̀ kó tó sanwó.

Iwájú àti ẹ̀yìn

Àwọn kan máa ń pààrọ̀ kálípà iwájú nìkan, wọn a sì fi tẹ̀yìn sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀yìn STI le ju tiwájú lọ, nítorí bíréèkì ọwọ́ tó wà nínú dísìkì ẹ̀yìn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kò sí aburú nínú iwájú nìkan, bí páàdì bá ti bá a mu.

Ohun tó léwu jù lọ ni kí ẹ̀yìn máa mú ju iwájú. Bí táyà iwájú bá kọ́kọ́ dúró yíyí, ọkọ̀ yóò máa lọ síwájú láìgbọ́ ti ìdarí, èyí burú. Bó bá jẹ́ tẹ̀yìn ló kọ́kọ́ dúró, ìdí ọkọ̀ yóò yí síwájú, èyí burú jù. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ lo àdàlù méjì, èyí tó ń mú jù ni kó wà níwájú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi páàdì ìdíje sẹ́yìn kó fi ti ìgboro síwájú nítorí pé èyí tó rí rà nìyẹn. Bí iwájú bá sì ti lágbára jù, ẹ̀yìn kò ní ṣiṣẹ́ tó bó ti yẹ, gbogbo ooru yóò padà sórí dísìkì tí wọ́n náwó lé láti gbà á. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni àdàlù kan náà ní iwájú àti ẹ̀yìn, láti ilé iṣẹ́ kan náà.

Awakọ̀ mẹ́ta, páàdì mẹ́ta

Awakọ̀ àkọ́kọ́ ń fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Yálà Ìkẹjà ní Èkó ló ń gbé tàbí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ló kún ọ̀nà rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ kì í sì í ráyè gbóná. Páàdì ìdíje kò bá irú ẹni yìí mu rárá. Ní òwúrọ̀, nígbà tí dísìkì bá tutù, páàdì ìdíje lè máà mú tó páàdì olówó pọ́ọ́kú, yóò máa han, yóò sì máa ha dísìkì. Páàdì onísẹ̀rámíìkì tàbí èyí tí irin kò pọ̀ nínú rẹ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ FF ó kéré tán, ni kó wá. Kálípà ńlá tó gbé wọ̀ ti fún un ní àyè ooru tó ju ohun tó nílò lọ.

Awakọ̀ kejì ń gun òkè. Ní Pikes Peak, Colorado, ọ̀nà ọkọ̀ gòkè dé mítà 4,302, kìlómítà bíi 31 sì ni gbogbo rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ òkè náà máa ń dá a dúró ní Glen Cove, wọn a fi ẹ̀rọ wọn ooru bíréèkì rẹ̀, bí ó bá sì ti gbóná jù, awakọ̀ yóò dúró kó tutù kó tó máa lọ. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ti ìdíje, ẹsẹ̀ tí kò kúrò lórí bíréèkì ló kó bá wọn. Ẹni tó ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nílò páàdì tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ níwọ̀nba, kí ó sì fi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀ kí ẹ̀ńjìnnì bá bíréèkì gbé ẹrù.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń lọ sórí pápá, bíi Nordschleife ní Nürburgring, Jámánì, níbi tí ìyípo kan jẹ́ kìlómítà 20.8, tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ síra ní nǹkan bí 300 mítà. Níbẹ̀ ni dísìkì ti ń kọjá 500 dígírì, páàdì ìgboro kò sì ní ohun tí yóò fi dúró. Kí irú ẹni yìí ní páàdì oríṣi méjì, ọ̀kan fún ìgboro, ọ̀kan fún pápá. Ibí yìí gan-an ni kálípà STI ti sanwó rẹ̀ padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí táyà bá ti kúrò, òòlù kékeré àti irin ṣóńṣó tó láti ti pínnì méjì jáde, irin pẹlẹbẹ tó tẹ páàdì mọ́lẹ̀ yóò bọ́, páàdì yóò sì jáde láti òkè láìtú kálípà tàbí páìpù ọ́ìlì.

Bí páàdì tuntun ṣe ń mọ dísìkì

Ọ̀nà méjì ni páàdì ń gbà di dísìkì mú. Ní ooru kékeré, ó ń ha irin náà. Ní ooru tó ga, díẹ̀ nínú páàdì ń yọ́ lẹ̀ mọ́ ojú dísìkì ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, páàdì àti ara rẹ̀ yìí ló sì ń di ara wọn mú. Bí fẹ́lẹ́ náà kò bá tẹ́jú, pẹ́dà yóò máa gbọ̀n, awakọ̀ yóò sì ní dísìkì òun ti wọ́. Carroll Smith, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ìdíje, kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ dísìkì tí wọ́n sọ pé ó wọ́ kò wọ́ rárá. Páàdì ló lẹ̀ mọ́ ọn ní gẹ́lẹ́gẹ̀lẹ̀. Bí ó bá sì pẹ́, ojú ibi tó lẹ̀ náà yóò máa gbóná ju ibòmíràn lọ, irin ibẹ̀ yóò le gbagidi nígbà tí ooru bá kọjá nǹkan bí 650 dígírì, kò sì sí páàdì tó lè tún un ṣe mọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi páàdì tuntun sí i, kí awakọ̀ wá ọ̀nà tó dá. Kí ó sáré dé kìlómítà 100, kí ó tẹ bíréèkì dáadáa títí eré yóò fi wálẹ̀ sí 15 tàbí 20, láìdúró pátápátá, kí ó sì tún sáré. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí mẹ́wàá báyìí tó fún ọ̀pọ̀ páàdì, ṣùgbọ́n ìlànà tó wà nínú páálí ló lágbára jù. Òórùn lè jáde, èéfín díẹ̀ lè yọ. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, kí ó máa wà á lọ jẹ́jẹ́ láìtẹ bíréèkì kó lè tutù. Kò gbọdọ̀ dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà nígbà tí dísìkì bá ṣì gbóná, torí ojú ibẹ̀ gan-an ni páàdì yóò ti fi ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin. Bí àdàlù mìíràn bá sì fẹ́ wọ orí dísìkì kan náà, iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ́ìlì kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn

Páàdì tó ń fara da 600 dígírì kò wúlò bí ọ́ìlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá hó ní 150. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó 205 dígírì, DOT 4 kò gbọdọ̀ hó kí ó tó 230, DOT 5.1 kò gbọdọ̀ hó kí ó tó 260. Ọ́ìlì yìí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí omi bá sì ti wọ inú rẹ̀, ìwọ̀n tí òfin gbà wálẹ̀ sí 140, 155 àti 180. Bí páàdì ṣe ń jẹ tán ló ń sún ooru mọ́ ọ́ìlì, torí pé páàdì náà ló wà láàárín dísìkì àti písítọ̀nù. Ẹni tó ń lọ sórí pápá kì í dúró kí páàdì ku mìlímítà mẹ́ta bíi ti ará ìgboro; bó bá ti dé ìdajì, ó ti ń múra àtipààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀mí ènìyàn ló wà lórí páàdì mẹ́rin iwájú ọkọ̀: ti awakọ̀, ti àwọn tó gbé, àti ti ọmọ tó ń sọdá títì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ orúkọ kálípà yín sínú ìwé, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ nìkan. Ẹ wo lẹ́tà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàdì. Ẹ béèrè ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún, kí ẹ sì fi wé ọ̀nà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́. Ẹ ra ti iwájú àti tẹ̀yìn kí wọ́n bára mu, kí ẹ sì da ọ́ìlì tuntun sí i lọ́jọ́ kan náà. Bí páálí bá sì lẹ́wà tó, tí kò sí lẹ́tà, tí kò sí ìwọ̀n ooru, tí kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é lára páàdì inú rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.